Òòyì Ọmọ Òṣómàáló

Ohun tí màámi kọ́kọ́ bi mí kì í ṣe bóyá mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní, "Àkànjí, owó ara rẹ lo fi san án?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sanwó pé kí wọ́n jẹ́ kí o wọnú omi tútù."

Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí títí, ó dojú kọ igbá ẹ̀gúsí tó ń bó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ìjẹ̀ṣà tó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó, ìṣirò ló ń ṣe.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Iléṣà la jókòó sí, kò jìnnà sí ọjà Atákúnmọ́sà. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti mú débi pé kò sí ẹni tí ètè rẹ̀ kò là nínú wa. Mo ti fi fọ́tò kan han màámi lórí fóònù: èmi rèé nínú aṣọ dúdú láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, rọ́bà bo orí mi, gíláàsì bo ojú àti imú, mo gbé irin afẹ́fẹ́ pọ̀n. Ó ní, "Egúngún ilé ta nìyí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Àbúrò mi obìnrin ló tú u síta: "Màámi, ẹ ní kí bọ̀dá sọ bí òòyì ṣe kọ́ wọn nísàlẹ̀ omi."

Ó di dandan kí n sọ ọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún màámi náà ni màá ṣe sọ ọ́ níbí, àfi pé màá fi àwọn ohun tí mo fò fún un kún un.

Scotland ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú irin afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, nítorí pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa kò sinmi àtisọ ohun tó ń rí lábẹ́ omi fún mi. Omi ibẹ̀ kì í ṣe omi tí ènìyàn ń fi ara lásán wọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nínú oṣù Kẹta, ní Loch Fyne, apá òkun tó wọnú ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi, ẹ̀rọ bí aago tí a ń so mọ́ ọwọ́ nínú omi, kọ ni 8, lórí ìwọ̀n Celsius. Lọ́jọ́ tí iná bá ń ṣe ségesège ní Iléṣà, fíríìjì màámi kì í tutù tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọ ohun tí wọ́n ń pè ní dry suit. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà wà. Aṣọ kan ṣoṣo ni láti ọrùn dé ẹsẹ̀, omi kì í wọ̀ ọ́. Rọ́bà tó fún wà lọ́rùn, ó wà ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Aṣọ òtútù ni ènìyàn máa ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá sì há sáàárín ni kì í jẹ́ kí òtútù pani. Àmọ́ bí ènìyàn bá ti ń lọ sísàlẹ̀, omi á máa tẹ afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀. Tí a bá dé mítà 10, ohun tó ń tẹ̀ wá ti di ìlọ́po méjì ohun tó ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Ní mítà 20, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Aṣọ á wá máa fún ni bí ẹni pé ti àbúrò ẹni lèèyàn wọ̀. Bọ́tìnnì kan wà láyà tí a máa ń tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé láti inú irin. Tí a bá ń gòkè padà, afẹ́fẹ́ náà á tún máa wú, a gbọ́dọ̀ dà á nù. Ojú ihò tí a ń gbà dà á nù wà lókè apá òsì. Kò sì ní jáde àfi tí ihò yẹn bá jẹ́ ibi tó ga jù lọ lára ènìyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ọ̀fìnkìn mú mi. Kì í ṣe èyí tó le, imú kan ló dí, èkejì ń ṣàn. Gbogbo ẹni tó ń mòòkùn ló mọ̀ pé ẹni tí imú rẹ̀ dí kì í wọmi. Wọ́n kọ́ wa ní ọjọ́ kìíní, wọ́n tún un sọ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n mo ti san 90 pọ́n-ùn, owó ọ̀nà, owó aṣọ àti irin afẹ́fẹ́ tí mo yá. Ẹni tí kò bá sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò wá mọ́, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, ẹ lè má mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe sí wa lára. Bàbá bàbá mi ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú onílùú. Nígbà tó bá padà lọ gbowó, kì í jókòó, ẹni tó jókòó ti gbà láti dúró. Á ṣòṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló. Ẹ wá ní kí ọmọ ọmọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fi 90 pọ́n-ùn sílẹ̀ nítorí ọ̀fìnkìn?

Mo ra òògùn tí wọ́n ń fín sí imú ní kẹ́míìsì. Mo fín in ní àárọ̀, imú là gbalasa. Olùkọ́ wa bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ara wa dá. Mo ní ara mi dá ṣáṣá.

Lílọ sísàlẹ̀ kò ṣòro. Mo di imú mú láti orí gíláàsì ojú, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, etí méjèèjì dún pọ́, pọ́, bó ṣe yẹ. A dé mítà 18. Mo rí ìràwọ̀ òkun tó fẹ̀ ju ọwọ́ mi lọ, mo rí akàn tó ń bá ẹnìkejì mi, ẹni tí a jọ ń mòòkùn, jà nítorí ìbọ̀wọ́. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi pé ó kù díẹ̀ kí n fi owó yìí ṣòfò.

Bí a ṣe ń gòkè bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, nǹkan bíi mítà 9, etí mi ọ̀tún han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ó fà mí tantan. Ìgbà náà ni ayé yí.

N kò sọ pé orí ń fọ́ mi tàbí pé ojú mi ṣú. Ayé ló yí. Àpáta iwájú mi gbéra láti apá òsì, ó kọjá lọ sápá ọ̀tún, kí n tó tẹjú mọ́ ọn ó ti tún ń ti òsì bọ̀. Ẹ rántí bí òkòtó ṣe ń jó ranyinranyin nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni mo wà nínú òkòtó náà. A máa ń sọ pé òòyì "kọ́" ni. Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà pé irú kọ́ wo nìyẹn, ṣé ti ìwọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ẹja ni, àbí ti tíṣà? Lọ́jọ́ yẹn, ti ẹja ni.

Aṣọ kò mọ̀ pé òòyì kọ́ mi. Ó ń wú. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń wú ní èjìká àti ní ẹ̀yìn, mo sì mọ ohun tó tẹ̀lé e: bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, á gbéni sókè ní eré tí ẹ̀dọ̀fóró kò lè bá sá, bó bá wá lọ kó jọ sí ẹsẹ̀, á gbéni ní ìdoríkodò. Wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe. Gbé apá òsì sókè, kí afẹ́fẹ́ jáde. Apá òsì mi, mo mọ̀ ọ́n. Òkè ni n kò mọ̀.

N kò rò pé mo lè ṣàlàyé ìyẹn kó yé ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí. Lórí ilẹ̀, bí òòyì tilẹ̀ kọ́ni, ilẹ̀ á gbá wa lẹ́yìn, a ó mọ̀ pé ilẹ̀ nìyí. Nínú omi, kò sí ohun tó wúwo lára ẹni. Omi tó wà lókè kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀, àwọ̀ ewé ṣíṣú ni gbogbo rẹ̀. Etí nìkan ló ń sọ fún ara pé ibi báyìí lòkè, etí mi sì ti ya wèrè.

Mo mí jáde. Afẹ́fẹ́ náà jáde rogodo rogodo bí ìhó ọṣẹ, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi, ó ń lọ sápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún! Ara mi ní òkè wà níwájú, afẹ́fẹ́ ní ó wà lápá ọ̀tún. Olùkọ́ wa ti sọ ọ́ rí pé bí ara wa bá ń bá afẹ́fẹ́ jiyàn nínú omi, afẹ́fẹ́ ló jàre. Mo na ọwọ́ síbi tí ojú mi sọ pé àpáta wà, mo ṣì í, mo tún na ọwọ́, mo dì í mú. Mo fi gbogbo ìka di òkúta yẹn mú bí ọmọ tuntun ṣe ń di ìka ìyá rẹ̀ mú. Mo na ọwọ́ kejì, mo ń yí àtẹ́lẹwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, àmì pé nǹkan kò dára nìyẹn, mo tọ́ka sí etí. Ẹnìkejì mi, ará Poland kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ pàápàá, mú ìgbọ̀nwọ́ òsì mi, ó gbé e lọ síbi tí n kò rò pé òkè wà. Afẹ́fẹ́ tú jáde nínú aṣọ, gbùrùgbùrù. Ó fà mí sísàlẹ̀ díẹ̀, bóyá mítà kan. Etí ọ̀tún mi dún, pọ́ọ̀. Ayé dúró.

Kọ̀ǹpútà ọwọ́ ní kò pé ìṣẹ́jú méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò gbà á gbọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ láti má bá ẹ̀rọ jiyàn. A rọra gòkè, kò ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, a dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5, mo gúnlẹ̀, mo bì. Tíì àárọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo bí èèyàn ṣe rí: ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá ẹni tí màá dì í rù. Mo dì í ru rọ́bà ọrùn. Ẹ̀sùn yẹn kò burú, torí rọ́bà tó bá fún jù lè tẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí, ara á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti ń ru, á dẹ ọkàn lẹ́sẹ̀, ojú á ṣú. Mo tún dì í ru rọ́bà orí. Èyí náà ń ṣẹlẹ̀. Bí rọ́bà orí bá lẹ̀ mọ́ etí kan tí kò jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́, tí omi tútù sì wọ etí kejì, òòyì á kọ́ni títí omi náà á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Robert Bárány, dókítà ará Vienna, ló wádìí èyí. Ó ń fi omi fọ etí àwọn aláìsàn, ó rí i pé bí omi bá tutù tàbí gbóná ju ara lọ, òòyì á kọ́ wọn, ẹyinjú wọn á máa ta. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 nítorí iṣẹ́ yẹn, àhámọ́ ogun ní Rọ́ṣíà ni ìròyìn náà sì bá a. Mo kà á, mo ní ẹ̀hẹ̀n, mo ti mú olè.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì ló já irọ́ mi. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni, ó ń gbé Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo dé Iléṣà ni mo wọ mọ́tò lọ kí i, a sì jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta iyán ní Lágere. Kò mòòkùn rí láyé ẹ̀, odò tí kò bá kọjá orúnkún ló ń wọ̀. Mo ro ẹjọ́ fún un, mo pe rọ́bà ọrùn lẹ́jọ́, mo pe rọ́bà orí lẹ́jọ́. Ó gbé òkèlè mì, ó ní, "Nígbà tó ò ń sọ̀kalẹ̀ ni, àbí nígbà tó ò ń gòkè?"

Mo ní nígbà tí mò ń gòkè.

"Imú ẹ ńkọ́?"

Mo dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n."

Ó fi àwo ẹ̀fọ́ àti ife omi méjì ṣàlàyé fún mi. Ihò tóóró kan wà tó so inú etí mọ́ ẹ̀yìn imú. Òun ni a máa ń gbọ́ tó ń dún pọ́ tí mọ́tò bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè láti Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí a bá gbé itọ́ mì. Tí a bá ń gòkè nínú omi, afẹ́fẹ́ inú etí á wú, á sì gba ihò yẹn jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fìnkìn bá ti dí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, etí òsì á tú tiẹ̀ dànù, ti ọ̀tún á há. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà mẹ́ta wà tí wọ́n tẹ̀ bí òrùka, tí omi wà nínú wọn, tí wọ́n ń sọ fún ọpọlọ bí orí ṣe ń yí. Etí kan ní a ń yí, èkejì ní a dúró. Ọpọlọ kò mọ ti ẹni tí yóò gbọ́. Claes Lundgren, ará Sweden, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1965. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé sísọ̀kalẹ̀ mítà kan ló wò ó sàn. Ó ní ká ní kò dúró ni, ká ní mo gúnlẹ̀ tí òòyì kò sì lọ, tàbí tí etí mi di, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kọjá ti ọ̀fìnkìn, wọn ì bá gbé mi lọ sílé ìwòsàn tó ní yàrá tí wọ́n ti ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ni lára.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mo fín òògùn sí imú, ó là."

Ó ní, "Òògùn náà mọ aago. Aago tiẹ̀ lu nígbà tó o wà nísàlẹ̀."

Ó wá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ọmọ Obòkun ni mí lóòótọ́. Gbogbo Ifẹ̀ àti Iléṣà ló mọ ìtàn náà: ojú Odùduwà fọ́, Ifá ní omi òkun ni wọn ó fi ṣe òògùn rẹ̀, Ajíbógun ló gbà láti lọ bù ú. Ó bù ú bọ̀, bàbá ríran, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe Ọwá wa ní Obòkun. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìwọ lọ sókun, kí lo bù bọ̀?" Mo ní tíì tí mo bì. N kò sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, pé nígbà tí Ajíbógun fi máa dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún bàbá tán. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ owó tí wọn kì í dá padà.

Dókítà yìí kan náà ló tọ́jú màámi ní ọdún tó kọjá. Òòyì ń kọ́ ọ tó bá yí orí lórí ibùsùn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọ̀kan ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀rẹ́ mi ní òkúta wẹ́wẹ́ inú etí ló ṣí nípò. Ó dá màámi dùbúlẹ̀, ó yí orí rẹ̀ síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e dìde, ó parí. Màámi kò fẹ́ràn pé kò fún òun lóògùn kankan. Ó ní báwo lèèyàn ṣe máa sanwó fún orí yíyí?

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ ìtàn mi tán ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn, ó yé màámi ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní, "Etí ni." Mo ní etí ni, mà. Ó ní, "Òmùwẹ̀ ní í kú sómi, ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní ṣé mo ti padà síbẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo ti padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo sọ ìyẹn fún un. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni n kò lọ, nínú oṣù Kẹwàá, torí ọ̀fìnkìn tún mú mi ku ọ̀la. Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn, mo ń wo fóònù, mo ń gbọ́ ohùn bàbá bàbá mi lórí ìṣòṣó. Mo pè wọ́n pé n kò wá mọ́. Wọ́n ní kò burú, kí n tọ́jú ara mi.

Màámi ní, "Wọ́n sì dá owó padà."

Mo ní, "Rárá, mà. Kò sí ìdápadà tó bá ti ku ọjọ́ kan."

"Èló ni?"

Mo ní 90 pọ́n-ùn. Ó ní kí n sọ ọ́ ní owó tiwa. Mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ yẹn, mo ní nǹkan bíi 180,000 náírà.

Igbá ẹ̀gúsí dúró. Màámi fi ọwọ́ kan di iwájú orí mú, ó fi èkejì di apá àga.

"Ẹ gbà mí," ó ní, "òòyì."

Àbúrò mi ti dìde lọ bu omi.